Ẹ̀yìn Ọmọ Kò Ṣeé Fi Dọ̀la

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti ń lọ sópin, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sinmi ní àdúgbò Fọlá Agoro ní Èkó. Àwọn ìyá á kó ọmọ lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ télọ̀, torí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ tèṣí sì ti kéré. Télọ̀ á fa téèpù yọ lọ́rùn, á wọn èjìká, á wọn àyà, á wọn gígùn ẹ̀yìn. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì rí nǹkan tuntun, àfi ìgbà tó kan ọmọbìnrin kan tí èjìká òsì rẹ̀ ga ju ti ọ̀tún lọ. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Ó ní kí ọmọ dúró dáadáa, ọmọ ní òun dúró dáadáa. Ìyá rẹ̀ gbá a léjìká, ó ní kó yé wọ́ ara. Nígbà tó yá, télọ̀ dá ọgbọ́n sí i: ó fi aṣọ díẹ̀ lé apá kan kí etí gáùn má baà gùn ju ara wọn lọ. Gáùn náà gún régé. Ẹ̀yìn ọmọ kò gún.

Ohun tí téèpù télọ̀ rí, tí ojú òbí kò rí, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Eegun 24 ló to léra láti ọrùn dé ìbàdí ọmọ ènìyàn. Bí a bá dúró sẹ́yìn ọmọ, ó yẹ kí eegun wọ̀nyí gún bí òpó ilé. Lára àwọn ọmọ kan, wọn kì í gún. Wọ́n á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ipa ejò lórí iyanrìn, wọ́n á sì tún máa yí bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá ń fún aṣọ. Yíyí yìí ló ń ti eegun ìhà jáde sẹ́yìn lápá kan. Scoliosis ni àwọn dókítà ń pè é. Orí fọ́tò X-ray ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ní ọ̀nà tí John Cobb, dókítà ará Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ní 1948. Bó bá ti pé 10 dígírì, ó ti kúrò ní ohun tí a lè fojú fò. Èyí tó yọ sẹ́yìn gọnbu ní tirẹ̀ ni àwa ń pè ní iké.

Iké kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni Òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe abuké, òun àti afín àti arọ. Ọbàtálá tó mọ wọ́n ló ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí obìnrin bá lóyún, wọ́n á gbàdúrà fún un pé kí Òrìṣà ya ọnà ire kò ó. Ìwà ọmọlúàbí ni ọ̀wọ̀ yẹn, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó parẹ́, pàápàá láyé tí àwọn olóògùn owó ti sọ iké di ọjà, tí abuké ẹlòmíràn kò lè dá rìn lálẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan fara pamọ́ sínú ọ̀wọ̀ náà tó ń pa àwọn ọmọ wa lára, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Láyé àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ obìnrin kan. Min Mehta ni orúkọ rẹ̀, ó ṣe dókítà ní Royal National Orthopaedic Hospital ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀yìn wọn wọ́ ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ mìíràn máa ń wọ́, á sì padà tọ́ fúnra rẹ̀. Òmíràn ò ní tọ́, ṣe ni yóò máa le sí i. Ní 1972, Mehta ṣàlàyé bí dókítà ṣe lè wo igun tí eegun ìhà fi pàdé eegun ẹ̀yìn, kó sì tibẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti sùúrù àti èyí tó jẹ́ ti kíákíá. Nígbà tó di 2005, ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọmọ 136 jáde. Pí-ò-pí ló fi tọ́jú wọn, irú èyí tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ tó bá kán, ṣùgbọ́n láti àyà dé ìbàdí ni wọ́n ti ń di tiwọn. Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun, wọ́n á gbé e sórí férémù, wọ́n á rọra tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́nà, wọ́n á di pí-ò-pí mọ́ ọn, wọ́n á wá gé ojú fèrèsé sí i níwájú kí ikùn lè ráyè fún oúnjẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ bá ti dàgbà sí i, wọ́n á tú u, wọ́n á di òmíràn.

Ọmọ 94 nínú wọn ni wọ́n tètè gbé wá. Bí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún kan àti oṣù méje ni, wíwọ́ ẹ̀yìn wọn sì jẹ́ 32 dígírì. Ẹ̀yìn àwọn 94 yìí tọ́. Nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀. Àwọn 42 yòókù pẹ́ kí wọ́n tó dé, ọdún méjì àti oṣù mẹ́fà ni tiwọn, wíwọ́ náà sì ti di 52 dígírì. Pí-ò-pí dín tiwọn kù, kò lè mú un kúrò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ló padà gba iṣẹ́ abẹ.

Oṣù mọ́kànlá ló wà láàrin ọdún kan oṣù méje àti ọdún méjì oṣù mẹ́fà. A fẹ́ kí òǹkàwé wa dúró síbẹ̀ díẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni ìyá fi ń wí pé yóò tọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òun náà ni ìyá àgbà fi ń wí pé bí bàbá rẹ̀ ṣe rí ní kékeré nìyẹn, tí bàbá fi ń wí pé kí owó oṣù wọlé ná. Kò sí ẹni burúkú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ. Ẹ̀yìn ọmọ ni kò dúró dè wọ́n.

Kí ló ń ṣiṣẹ́ nínú pí-ò-pí náà? Ìdàgbà ọmọ ni. Ọmọ kì í yára ga mọ́ láyé rẹ̀ tó bó ṣe ń yára lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ibi tí a bá sì kọjú eegun rẹ̀ sí nígbà yẹn ló ń gbà. Bó bá kọjú síbi tó wọ́, wíwọ́ ló ń dàgbà. Nicolas Andry, dókítà ará Faransé, ló fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ṣẹ̀dá orthopaedics, orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìṣègùn eegun láti 1741 títí dòní. Ọ̀kan túmọ̀ sí ohun tó tọ́, èkejì túmọ̀ sí ọmọ. Ó fi àwòrán igi kékeré kan tó wọ́ sínú ìwé rẹ̀, igi tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó. Kò sí àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa túmọ̀ àwòrán yẹn fún. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ti ẹwà. Inú àyà ni ẹ̀dọ̀fóró ti ń dàgbà, ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ láyé ọmọ ló sì ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìdàgbà náà ṣe. Bí eegun tó wọ́ gan-an bá ti fún àyà pa, ẹ̀dọ̀fóró kò ní rí ibi gbòòrò sí. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré bọ́ọ̀lù ní pápá, tí òun ń mí hẹlẹhẹlẹ létí ògiri, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dù ú ní èémí.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i? Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ni. Ẹ ti rí wọn lágbàlá àwọn ilé Bàrígà àti Ṣómólú: ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kàn-ìn-kàn-ìn wà lọ́wọ́. Ó wẹ iwájú tán, ó yí ọmọ dà. Ó fi òrí pa á lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí, ó fà á lápá, ó fà á lẹ́sẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ yẹn ń gba orí eegun 24 wọ̀nyẹn kọjá, kò sì sí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kankan tó ń sún mọ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń bẹ àwọn ìyá wa ni pé kí wọ́n fi ojú ti ọwọ́ lẹ́yìn. Bí ọmọ bá ti lè jókòó, ẹ gbé e jókòó níhòòhò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ṣé ojú ìlà eegun ẹ̀yìn gún? Ṣé ìhà kan yọ ju èkejì? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ara rẹ̀ máa ń dà sí nígbà gbogbo? Ṣé irun hù sójú kan lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí ihò kékeré kan wà níbẹ̀? Èyíkéyìí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ló kàn. Fífà àti jíjù sókè kò lè tọ́ ọ.

Ti ọmọ tó ti ń gbálẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. William Adams, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ló fi lélẹ̀ ní 1865 pé bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ bá bẹ̀rẹ̀ síwájú, ìhà kan á yọ ju èkejì lọ. Títí dòní, òun ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí dókítà eegun ń ṣe. Ọmọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tó mú ọwọ̀ dání, ti wà ní ipò tí Adams fẹ́ gan-an. Kó bọ́ ẹ̀wù, kó gbé ọwọ̀ sílẹ̀, kó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn náà bí ẹni ń wo òrùlé ilé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀bi ìyá kọ́. Pípọ̀n ọmọ kì í wọ́ eegun ẹ̀yìn. Báàgì tó wúwo lè mú ẹ̀yìn dun ọmọ, òun kọ́ ló ń fa scoliosis. Àwọn ọmọ kan gbé e wáyé ni, torí pé eegun kan kò pé tàbí méjì lẹ̀ mọ́ra nígbà tí oyún kò tíì pé oṣù méjì. Dókítà máa ń yẹ ọkàn àti kíndìnrín irú wọn wò pẹ̀lú, nítorí àkókò kan náà ni wọ́n jọ ń dá nínú oyún. Iṣan àwọn mìíràn ni kò lágbára láti gbé ẹ̀yìn dúró. Ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí dókítà láyé tó tíì mọ ohun tó fà á. Ibẹ̀ ni ahọ́n àdúgbò ti ń ráyè. Àìsàn tí kò lórúkọ, ẹni tó sún mọ́ni jù la máa ń fi kàn, ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ àti aya ilé ló sì ti ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn.

Ọ̀kan wà tí a mọ ohun tó fà á dájú, òun ló sì ń bí wa nínú jù, torí oògùn rẹ̀ wà. Ikọ́ ife kì í ṣe àrùn àyà nìkan. Kòkòrò rẹ̀ lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé eegun ẹ̀yìn, á jẹ iwájú eegun náà, eegun á wó lulẹ̀ níwájú, ẹ̀yìn á sì yọ góńgó. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé lé e lórí láti 1779. Ọmọ tó ní in lè má wúkọ́ rárá. Ẹ̀yìn á máa dùn ún, ara rẹ̀ á máa gbóná nírọ̀lẹ́, á máa làágùn lóru, á máa rù, kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Ṣe ni yóò lóṣòó, tí yóò fi ọwọ́ ti itan. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń kú tìẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà sùn mọ́jú. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ti ń jà jù lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn mẹ́fà, méje ń sùn sínú yàrá kan ní àwọn ilé wa tí yàrá kọjú sí yàrá. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ lápá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i máa ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ èyí tó le jù nínú ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú rẹ̀. Oògùn náà gùn, ó lè tó ọdún kan kí ti eegun tó parí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó sì lò ó tán lè bọ́ lọ́wọ́ iké. Ọmọ tí wọ́n ń fi òróró gbígbóná wọ́ ní ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́fà kì í bọ́.

Láti Fọlá Agoro, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìgbóbì. Ilé ìwòsàn eegun ìjọba àpapọ̀ ló wà níbẹ̀. Ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni tẹ́lẹ̀, ó di ilé ìwòsàn ní 1945, láti ìgbà náà ló sì ti ń to eegun ọmọ Nàìjíríà. Dókítà eegun ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tí ń gbé ara dúró wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ pí-ò-pí pàápàá wà nínú ọgbà náà. Ṣùgbọ́n báwo ni orúkọ Ìgbóbì ṣe ń jáde lẹ́nu wa? Bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn ni, tí ẹsẹ̀ kán, tí àwọn èrò pariwo pé kí wọ́n gbé e lọ Ìgbóbì. Ibi ìjàǹbá la mọ̀ ọ́n sí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ní wọ́n máa gé ènìyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ta ló máa gbé ọmọ tó ń ṣeré, tó ń jẹun, tí kò ké, lọ síbẹ̀ nítorí pé èjìká rẹ̀ kò dọ́gba? Àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an la ń bá sọ̀rọ̀.

Kí àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà wa, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wọn kún òpópónà Ṣómólú, ràn wá lọ́wọ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Kí wọ́n gbàdúrà láàárọ̀, kí wọ́n sì ní kí ìyá ọmọ wọ mọ́tò kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí àwọn tó ń to eegun nílé mọ̀ pé ọwọ́ wọn kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn ọmọ tó yọ góńgó.

A kò ní tan òbí pé ìtọ́jú náà rọrùn. Ọmọ tó wọ pí-ò-pí nínú ooru oṣù kẹta ní Èkó, tí iná kò sí, tí kò ṣeé wẹ̀, àfi kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nù ún lápá àti lẹ́sẹ̀, yóò ké, ìyá rẹ̀ náà yóò sì ké. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ohun tó ń dúró de ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Gánà tó ṣe iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn ní New York, dá àjọ FOCOS sílẹ̀ ní 1998, ó sì ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Accra lórílẹ̀-èdè Gánà ní 2012. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tí ẹ̀yìn wọn ti wọ́ kọjá 100 dígírì lọ. Wọ́n á de òrùka irin mọ́ agbárí ọmọ, wọ́n á so ẹrù mọ́ ọn, ẹrù náà á sì máa fa ẹ̀yìn gùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ kí abẹ tó lè ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń gba ẹ̀mí là, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ó yẹ ká fi yangàn. Síbẹ̀, kò sí òbí tó máa yan irin orí dípò pí-ò-pí bó bá mọ̀ lásìkò. Bí ọmọ bá sì kéré jù, oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ lẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, torí eegun tí wọ́n bá lẹ̀ kò ní gùn mọ́; irin tí wọ́n lè máa fà gùn bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń fi sí i. Òkè òkun ni irú irin bẹ́ẹ̀ ti ń wá, apá ọ̀pọ̀ òbí ní Bàrígà kò sì lè ká owó rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò tóbi. Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná eéyi ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà pa á láṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì yí ọmọ dà lọ́jọ́ náà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí sínú káàdì. Ọjọ́ orí méjèèjì ṣáájú ọdún kan àti oṣù méje tí àwọn 94 tí Mehta tọ́jú fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, àfi kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì ní ohun tó máa wò. Kí olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, obìnrin ni kó wo àwọn ọmọbìnrin, níbi kọ́lọ́fín.

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ le díẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù karùn-ún 2022 ní gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò Ìlera Èkó. Kí wọ́n kọ pí-ò-pí àti bẹ́líìtì ẹ̀yìn ọmọdé sínú ohun tí ètò méjèèjì ń san owó rẹ̀, ní kedere, kí ìyá má baà dé ojú fèrèsé ìsanwó kí wọ́n wá máa ní kí ó lọ béèrè ní ọ́fíìsì mìíràn. Ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀mejì kì í padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, oṣù mọ́kànlá sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin télọ̀ Fọlá Agoro, bí téèpù yín bá rí èjìká tí kò dọ́gba, ẹ má kàn tún gáùn ṣe. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ. Ìyá tó ń ka èyí, bí ẹ bá ń wẹ ọmọ nírọ̀lẹ́ òní, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá wọ́, ẹ gbé e lọ sí Ìgbóbì láàárọ̀ ọ̀la.